Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Fi Owó Olóko Kòkó Ṣòfò ní Èkìtì

Ó ń dùn mí bí mo ti ń rí owó tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá oko kòkó ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Emùré ń dà sígbó, nítorí pé wọn kò ka ojú ọjọ́ tí a ti fi ọwọ́ ara wa yí padà sí.

Ìkíní, ẹ má ṣe gbin ọmọ kòkó nítorí pé òjò oṣù kẹta rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mu omi dénú.

Èkejì, ẹ má ṣe dáná sun ewé gbígbẹ tí ó bo ìdí kòkó. Òun ni ó ń mú ilẹ̀ tutù.

Ẹ̀kẹta ni títa gbogbo igi ńlá oko fún agégẹdú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí. Abẹ́ igi ńlá inú igbó Amazon ni kòkó ti ṣẹ̀ wá. Bí oòrùn àti ọyẹ́ bá ká a mọ́ ìta gbangba, kò lè ṣí kúrò. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pa àwọn ihò wẹ́wẹ́ abẹ́ ewé rẹ̀ dé, kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Bẹ́ẹ̀, ihò yìí kan náà ni afẹ́fẹ́ tí ó fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé. Bí ó bá pẹ́ ní pípadé, ebi a dé, igi a sì pa àwọn èso kéékèèké tì: wọn a pọ́n bí ìyeyè, wọn a dúdú, wọn a gbẹ mọ́ ara igi.

Olóko a ní àrùn ni, a sì sáré lọ ra oògùn. Àrùn tí ó ń sọ èso kòkó di dúdú, ìgbà òjò ni ó ń jà, àmì rúsúrúsú kékeré ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gba gbogbo èso. Oògùn kankan kò sí fún ooru.

Èmi náà ta àfárá àti ìrókò oko mi. Nígbà ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, etí ewé kòkó ń rún wómúwómú lọ́wọ́ mi; ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fín oògùn lásán, nígbà tí àwọn tí ó wà lábẹ́ ayùnrẹ́ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù tutù yọ̀yọ̀.

Kí ìbòòji má sì ṣe ṣú jù, nítorí ọ̀rinrin a máa pe àrùn. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọmọ kòkó, kí ẹ sì fi mítà 3 sí àárín kòkó kan sí èkejì.

Ayùnrẹ́ mẹ́rin tí mo gbìn dípò àwọn tí mo tà ti ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìbòòji wọn kò tíì dé orí kòkó kankan.