Mélì ń pẹ́, spam sì ń wọlé: bí ẹ ṣe máa tún ọ̀rọ̀ DNS ṣe nínú SpamAssassin

Ọ́fíìsì kan wà tí mo máa ń bá wọn mójú tó sáfà mélì wọn. Ọjọ́ kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé létà tí ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì fi ránṣẹ́ ń pẹ́ tó bíi sẹ́kọ́ndì 12 kó tó wọlé, àwọn spam "ẹ ti jẹ owó lọ́tìrì" náà sì ń ya wọlé bí eéṣú. Mo ní RAM ló kéré. Wọ́n ra RAM, kò yí nǹkan kan padà. DNS ni, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ṣe níkẹyìn ni mo fẹ́ tò síbí, kẹ́yin náà má lọ ra RAM lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Kí SpamAssassin, ètò tó ń yẹ létà wò bóyá spam ni, tó dá létà lẹ́jọ́, ó máa ń wádìí ẹni tó fi í ránṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ orúkọ àwọn ọ̀bàyéjẹ́ mélì sílẹ̀, àwọn bíi Spamhaus àti URIBL, DNS ló sì fi ń bi wọ́n. Á to nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó fi létà ránṣẹ́) láti ẹ̀yìn wá síwájú, á fi orúkọ lísìtì náà sí ìdí ẹ̀, 127.0.0.2 á wá di 2.0.0.127.zen.spamhaus.org. Tí nọ́ńbà bá padà wá, onítọ̀hún ti wà nínú ìwé wọn nìyẹn, tí wọ́n bá ní kò sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ó kéré tán lọ́dọ̀ tiwọn. Létà kan ṣoṣo lè bí ìbéèrè ogún, ọgbọ̀n, torí wọ́n á tún béèrè nípa àwọn línkì tó wà nínú ẹ̀.

Tó bá ń béèrè ọ̀kan, tó dúró, kó tó béèrè òmíràn, ilẹ̀ á ṣú. Bí ìyá olóúnjẹ ló ṣe ń ṣe é: á rán ọmọ kan lọ lọ ata, á rán ìkan lọ ra kẹrosíìnì, ìkẹta á lọ wá ṣénjì, òun á sì máa já ẹ̀fọ́ lọ ní tiẹ̀. SpamAssassin á tú gbogbo ìbéèrè DNS jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa yẹ inú létà wò, ìparí ló tó máa kó èsì jọ. Kò sì ní dúró títí ayé. Sẹ́kọ́ndì 15 ló pọ̀ jù, rbl_timeout ni wọ́n ń pè é, ibi tí mo sì fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé bí èsì bá ṣe ń dé ni sùúrù ẹ̀ ń kúrú: ká ní ìbéèrè 20 ló jáde tí 16 sì ti padà, sẹ́kọ́ndì 7.3 péré, láti ìgbà tí wọ́n ti jáde, ni àwọn 4 tó kù ní. Tó bá jẹ́ ìdajì ni ò tíì dé, sẹ́kọ́ndì 12 ni. Ẹ ti rí ibi tí 12 tí wọ́n ń pariwo lé lórí yẹn ti wá.

Ẹ kọ́kọ́ fojú ara yín rí i. Ẹ fi odidi létà kan sínú fáìlì, ẹ tẹ:

spamassassin -D dns,async -t < leta.eml 2>&1 | grep async

Ẹ wá àwọn ìlà tó ní "timing". Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "timing" ni sẹ́kọ́ndì tí ìbéèrè náà lò, tó bá jẹ́ àmì kíún báyìí . ló tẹ̀ lé e, èsì dé, tó bá jẹ́ X, ó ti sú u, ó ti pa á tì. Tèmi, X ló kún ibẹ̀. Ráútà kékeré tí wọ́n fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní kí sáfà máa bi ní DNS, ìbéèrè ọgbọ̀n já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè gbé e, ó ń da ìyókù nù. UDP sì ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ, tí ìbéèrè bá sọnù lójú ọ̀nà kò sẹ́ni tó máa ta yín lólobó.

Ibi tí mo ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kejì rèé, ẹ má ṣe irú ẹ̀ o. Mo yọ ráútà, mo fi 8.8.8.8, DNS gbogbo ayé ti Google, sí i. Mélì ń yára fìà, inú gbogbo èèyàn ń dùn, spam ò dín. Àìmọye sáfà ló ń gba ọ̀dọ̀ Google béèrè, Spamhaus ò lè mọ èwo ni ta ni, torí náà 127.255.255.254 ni wọ́n máa ń dá padà, ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà gbogbo ayé lẹ gbà wá, àwọn ò ní dá yín lóhùn. Ti URIBL, ẹ máa rí URIBL_BLOCKED nínú àbájáde létà. Èsì tètè dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Nǹkan tó yẹ ni kí sáfà ní DNS tiẹ̀ nínú ilé, tó ń lọ béèrè fúnra ẹ̀. Lórí Debian tàbí Ubuntu, unbound ni ètò tó ń ṣe é, dig la sì fi ń dán an wò:

sudo apt install unbound
dig @127.0.0.1 2.0.0.127.zen.spamhaus.org +short

127.0.0.2 yẹn, ìdánwò ni wọ́n fi sílẹ̀ fún, RFC 5782, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2010, ló ní kí gbogbo lísìtì nọ́ńbà IP fi í sínú ìwé wọn. Tẹ́ ẹ bá rí 127.0.0.2, 127.0.0.4 àti irú wọn, ẹ ti bọ́. Tó bá jẹ́ 127.255.255.254 náà ló tún yọ, ẹ lọ wò ó bóyá ẹnì kan ti kọ forward-zone, ìyẹn àṣẹ pé kó máa gba ọ̀dọ̀ DNS ẹlòmíì béèrè, sínú unbound. 127.0.0.53 tẹ́ ẹ máa ń rí lórí Ubuntu, ẹ má fi ṣe é, oníṣẹ́ lásán nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló tún ń lọ béèrè. Mélì tó bá pọ̀ gan-an, tàbí ti òwò, ẹ máa bá Spamhaus sọ̀rọ̀ owó, ọ̀fẹ́ wọn ní ìwọ̀n.

Ẹ wá ṣí local.cf, fáìlì tí wọ́n ń kọ ìlànà SpamAssassin sí, ẹ kọ:

dns_available yes
dns_server 127.0.0.1
rbl_timeout 10 2

Nọ́ńbà kejì yẹn ni ìsàlẹ̀ tí sùúrù ẹ̀ lè kúrú dé. Àwọn kan máa ń fi rbl_timeout sí 2 kí mélì lè yára, mi ò fara mọ́ ọn, torí nígbà tí unbound ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kò tíì mọ ẹnì kankan, ó nílò àyè láti rìn kiri. Ẹ tẹ spamassassin --lint, tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ tún spamd, ìyẹn SpamAssassin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lo amavis, ètò mìíràn tó ń lo SpamAssassin nínú ara ẹ̀, amavis ni kó tún bẹ̀rẹ̀ o, èyí mú mi fún odidi wákàtí kan.

Tí X kan ṣoṣo bá ń yọ lójoojúmọ́ lórí lísìtì kan náà, ó ṣeé ṣe kó ti kú. SORBS, ọ̀kan nínú àwọn lísìtì yìí, ti kógbá wọlé lọ́dún 2024. Irú ẹ̀, ìlà kan ti tó:

dns_query_restriction deny sorbs.net

Ẹ̀yin tó ń fi Perl kọ plugin fúnra yín, láti ẹ̀dà 4.0.0 SpamAssassin tó jáde ní December 2022, tí èsì DNS ò bá tíì dé, undef ni kí ẹ dá padà, ẹ má dá 0 padà, 0 túmọ̀ sí pé ẹ ti wò ó tán, kò sí níbẹ̀.

Ẹ tún tẹ kọ́máǹdì àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì léra. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà á ti sún mọ́ òdo, torí unbound ti rántí èsì tó gbà nígbà àkọ́kọ́.