Gbígbẹ́ Inú Igi Láti Orí Rẹ̀ Lórí Léètì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tí ń fi léètì, ẹ̀rọ tí ń yí igi bírípó kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ, yígi ní Ilé-Ifẹ̀, pàápàá àwọn tí ó ti ibi ẹsẹ̀ àga bọ́ sí ife àti odó kékeré, ni ó máa ń bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Mo ti fi ẹnu dáhùn wọn títí ó fi sú mi.

Ọ̀gá, irin mi kò jẹ igi.
Ẹ pọ́n ọn.

Mo pọ́n ọn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ó fi ń kú.
Bí igi náà bá jẹ́ ìrókò, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò, nítorí òkúta funfun bí ẹfun a máa dì sínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹnu irin jẹ́. Ẹ bo imú yín pẹ̀lú. Eruku rẹ̀ kò dára fún èémí.

Inú ife mi rí wúruwùru.
Ẹ ń gbẹ́ ife bí ẹni ń gbẹ́ àwo. Nínú àwo, iṣan igi dábùú léètì, láti etí ni a sì ti ń gé wá sí àárín. Nínú ife, iṣan igi bá léètì lọ lóòró bí ìdì ìgbálẹ̀ tí a kọjú ẹnu rẹ̀ sí yín. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lu ihò sí àárín, kí ẹ sì máa gé láti ibẹ̀ bọ̀ sí etí, kí iṣan tí ó gùn ju èyí tí ẹ ń gé lọ lè máa tì í lẹ́yìn.

Irin wo ni kí n rà?
Fún ife tí kò jìn, gọ́ọ̀jì kékeré, irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ti tó. Bí ó bá jìn, ọ̀pá irin tí ó nípọn ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ń fi irin ìhagi ṣe é, ẹ gbé èèkù rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ sì ga ju àárín igi lọ díẹ̀, kí ó lè bọ́ sí òfìfo bí igi bá fà á.

Ó ń gbọ̀n, ó sì ń ké.
Èyí ni ó fìyà jẹ mí. Ife kan tí mo fi igi apá ṣe, tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ni mo ń gbẹ́, tí ó ń ké bí ajá tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo pọ́n irin. Mo dín eré léètì kù. Mo ti irin ìgbọ́wọ́lé, èyí tí a ń gbé irin lé bí a bá ń gé, sún mọ́ ọn. Mo ra ọ̀pá tí ó nípọn sí i. Mo tilẹ̀ ti fẹ̀sùn kan iná mànàmáná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọṣẹ́ mi tí ó ń gbálẹ̀ ni ó sọ pé òun rí ìmọ́lẹ̀ láàárín eyín ṣọ́ọ̀kì (ohun tí ó di igi mú lórí léètì) àti èjìká igi. Ìdí igi tí mo gbẹ́ fún ṣọ́ọ̀kì láti dì mú ti gùn jù, ó ti kan ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, èjìká igi kò sì fara ti eyín rẹ̀ rárá. Mo gé mílímítà mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, igbe náà sì dákẹ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi bébà tinrin dán an wò. Bí ó bá ráyè wọ àárín eyín àti èjìká, mo tún igi náà dì.

Léètì fúnra rẹ̀ ni ó ń mì.
Ẹ pa iná, kí ẹ sì fi ọwọ́ mi ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá ń yẹ̀, bíárìn, ohun tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀, ti lọ. Ẹ pe mẹkáníìkì tí ó mọ léètì, ẹ má tú u fúnra yín.

Igi tí ó ti sán ńkọ́?
Ẹ fi dáná.