Ta Ló Hú Àgbàdo Yín? Ìtọ́sọ́nà Lórí Kannakánná fún Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Okun

Okun o, ẹ̀yin àgbẹ̀ Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà. Bí àgbàdo bá ti ń hù tán lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kannakánná la máa ń kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn. Nígbà mìíràn òun ni. Nígbà púpọ̀, ikún ló jẹ ẹ́.

Nílùú òyìnbó, ẹyẹ dúdú méjì ni àwọn àgbẹ̀ wọn ń bá fà á, rook àti crow. Rook tó ti dàgbà kì í ní ìyẹ́ ní ìdí ẹnu, awọ ibẹ̀ rí bí eérú, ọ̀pọ̀ wọn a sì kọ́ ìtẹ́ sórí igi kan náà. Crow dúdú títí dé ìdí ẹnu, takọ-tabo rẹ̀ a sì dá kọ́lé tiwọn. Rook kò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Bí ọmọ yín bá mú un wálé látinú ìwé, ẹ kàn bá a rẹ́rìn-ín.

Kannakánná, crow tiwa, dúdú, àmọ́ àyà rẹ̀ funfun, funfun náà sì yí ọrùn ká, bí ẹni wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ẹyẹ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ onírù gígùn, tí í bà lé ẹ̀yìn màlúù, pè é. Ìyẹn kò ní funfun kankan lára. Kòkòrò ló ń bá kiri lẹ́sẹ̀ màlúù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ lọ wo ebè ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Kannakánná a fa èéhù yọ, a jẹ hóró ìdí rẹ̀, a sì fi ewé tútù sílẹ̀ nílẹ̀. Ikún a gbẹ́ ihò, a kó hóró lọ, ẹ lè má rí ewé kankan. Àparò a fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ káàkiri bí adìyẹ. Bí igi àgbàdo bá ṣubú tí a gé e ní ìdí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ẹ tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wò: ẹ ó bá kòkòrò tó ká jọ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àgbàdo ti yọ ọmọ, tí orí rẹ̀ fà ya tí wàrà ń ṣàn, ẹ̀gà nìyẹn, kì í ṣe kannakánná.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àkókò ewu. Lẹ́yìn ìyẹn, hóró ìdí rẹ̀ ti tán, kò tún sí ohun tí ẹyẹ yóò fà yọ fún. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni ẹ máa náwó àti agbára sí. Ẹ gbin hóró jìn wọ ilẹ̀ tó nǹkan bí ìbú ìka méjì, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí hóró dà sílẹ̀ lẹ́bàá ebè, torí ìyẹn ló ń pe ẹyẹ. Bí ẹ àti aládùúgbò oko bá gbin ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹyẹ kò ní dà bo oko ẹnì kan.

Igi tí a wọ̀ láṣọ bí ènìyàn máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kannakánná a bà lé e lórí. Ẹyẹ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ máa gbé e kiri, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ so okùn kásẹ́ẹ̀tì tó ń dán àti agolo tó ń dún pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé pẹ̀lú kànnàkànnà ṣì dára jù (bóyá ìdí nìyẹn tí orúkọ méjèèjì fi jọra, èmi náà kò yé ronú nípa rẹ̀).

Oògùn kòkòrò lára hóró láti fi pa ẹyẹ? Rárá. Ajá a jẹ òkú ẹyẹ náà, igún a jẹ ẹ́, àwọn ọmọ a sì yan án jẹ. Kannakánná kan náà ń jẹ tata àti kòkòrò lóko yín.

Ní ti ilé, òròmọdìyẹ ló ń gbé jù. Ẹ fi agbọ̀n bo ìyá àti ọmọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tètè máa kó ẹyin kúrò bí adìyẹ bá ti yé e.