Ẹ fi ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ máa wò: bí mo ṣe ń kó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ jọ níbi gbogbo

Nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ páálí kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìjọmu, níbí ní Àkúrẹ́. Ó fi máákà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Má ṣe sọ̀rètí nù, ọ̀la ń bọ̀ wá dára." Ó dùn mọ́ mi nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló rán síìpù mọ́ ẹ̀yìn gáùn oníbàárà ní òdì. Ó tú u, ó tún un rán, òdì náà ló tún jáde. Ó ń wo páálí, síìpù ń wo òun náà.

Mo yọ páálí yẹn. A ti fi gé pátánì apá búbá báyìí, ó sì ń wúlò dáadáa. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìwúrí kò ti gun ògiri mi mọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìwúrí o. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu, bó ti wù kó dùn tó, kì í wọ ojú abẹ́rẹ́. Ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ṣe ni ẹlòmíràn lè mú lò. Torí náà, ì báà ṣe bọ́ọ̀lù lẹ ń wò, ì báà ṣe fíìmù, ì báà ṣe ìyá kan tó ń dín àkàrà ní ìkòríta, ẹ máa bi ara yín pé: kí ni ọwọ́ ẹni yìí ń ṣe?

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí.

Ẹ ra ìwé kékeré, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò. Ohunkóhun tó bá wú yín lórí, ìlà kan péré ni kí ẹ kọ: ta ni, kí ló fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kí lèmi náà máa ṣe, ọjọ́ wo. Ẹ má fo ọjọ́ yẹn. Ìlà tí kò bá ní ọjọ́ nínú, ìròyìn lásán ni. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Èyí tó bá ní ọjọ́, ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ṣiṣẹ́, ẹ fà á mọ́ra. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi bíírò fagi lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé wọn kì í dúró wo nǹkan dé òpin. Wọ́n á bá èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n á gba ilé lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ti Hilda Baci, alásè ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ dáná pẹ́ ju gbogbo èèyàn lágbàáyé lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí fóònù tí a ò ti ń wò ó ládùúgbò wa. Ó ń dáná ní Èkó tọ̀sán-tòru, wọ́n ń ka wákàtí títí ó fi kọjá 100. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo èèyàn mú níbẹ̀ ni "ìforítì". Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ìforítì ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí aṣọ mẹ́wàá wà nílẹ̀?

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Guinness World Records, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ta yọ lágbàáyé, gbé èsì jáde: wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11. Ó ṣì ju wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ nǹkan bíi wákàtí méje kúrò. Ohun tó fà á ni mo kọ sínú ìwé mi. Òfin wọn gbà kéèyàn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi ṣiṣẹ́, ó sì lè kó ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn jọ kó lò ó lẹ́ẹ̀kan. Òun ṣèèṣì lò kọjá iye tó tọ́ sí i nínú ọ̀kan lára ìsinmi rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Ní Kérésìmesì tó ṣáájú rẹ̀, aṣọ ẹbí pọ̀ nílẹ̀, a sì ti jókòó ti máṣíìnì láti aago méje àárọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo gbé léèsì oníbàárà kan kalẹ̀. Kò tó ṣẹ́ po, torí náà mo ní kí n gé apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo gé èkíní, mo gbé pátánì kúrò, mo tún gbé e lé ibòmíràn, mo gé èkejì. Mo gbàgbé láti dojú pátánì dé. Nígbà tí mo tẹ́ méjèèjì síwájú, apá òsì ni méjèèjì. Mo yí ọ̀kan padà, ojú léèsì bọ́ sí abẹ́. Mo tún un yí, ó di òsì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà. Lọ́jọ́ kejì mo rin Ọjà Ọba já, n kò rí irú léèsì yẹn. Léèsì mìíràn ni mo fi owó ara mi rà fún màmá náà, mo tún fi ẹ̀bẹ̀ lé e.

N kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí jù ni, n kò sì mọ̀. Nígbà tí mo wá rí òfin ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, mo ṣírò rẹ̀: tí a bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12, ìsinmi tó tọ́ sí wa jẹ́ wákàtí kan gbáko, a ò sì lo ìlàjì rẹ̀ rí. Mo ṣètò fóònù mi kó máa dún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dún, kóówá á dìde, á jáde síta, kò gbọdọ̀ tẹ fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún àwọn ọmọ wọ̀nyí di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo so ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá jáde á kọ aago tó jáde, á kọ aago tó wọlé. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i. Aṣọ tí à ń tú lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dín kù gidi.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, n kò rí i lórí fóònù rárá. Bàbá mi ní oko kòkó kékeré kan ní ọ̀nà Ìdànrè. Tí a bá la kòkó tán, a kì í sá a sóòrùn lójú ẹsẹ̀. A ó kó èso rẹ̀ tó ń yọ̀ jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó, a ó fi igi tẹ̀ ẹ́, ó sì máa wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. A máa ń tú u yí padà láàárín kan. Tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé yẹn ní ọjọ́ kẹta, ó ń gbóná janjan bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọtí tó kan. Àlejò á rò pé a fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú sá tirẹ̀, ọjọ́ tí àwọn oníbàárà bá fi ọ̀bẹ la èso náà sí méjì ni àṣírí máa tú: inú rẹ̀ á rí bí eérú, kò ní pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìlà tí mo fà yọ níbẹ̀ kúrú: léèsì olówó ńlá, mo wọn ọ́n lónìí, mo fi pátánì sàmì sí i lónìí, àárọ̀ ọ̀la ni mo gé e. Ó lè dàbí ìfàkókòṣòfò, pàápàá tí oníbàárà bá dúró síwájú yín tó ń sọ pé "Àǹtí, ẹ kàn gé e síbẹ̀." Ẹ jẹ́ kó dúró. Láti ìgbà náà, n kò tíì gé apá òsì méjì mọ́.

Tobi Amusan, eléré ìje ọmọ Nàìjíríà, náà wà nínú ìwé mi. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ó sá eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, àkọsílẹ̀ tuntun fún gbogbo àgbáyé. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ló ti ṣe èyí. Lọ́jọ́ kan náà, ó sá àṣekágbá ní 12.06, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ju èyí tí òfin gbà láàyè lọ, kò lè wọ ìwé àkọsílẹ̀. Ká ní ó ti ń fi agbára pamọ́ de àṣekágbá ńkọ́? Èmi tí mo máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé nítorí pé owó rẹ̀ kéré, ojú tì mí. Etí yúnífọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ká a báyìí, gẹ́gẹ́ bíi ti aṣọ ìyàwó.

Orin náà ní tirẹ̀. Ẹ fetí sí jùjú King Sunny Adé, tí ìdílé ọba Oǹdó bí: gìtá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ọ̀kan ń sọ gbólóhùn kékeré kan léraléra, kò sí èyí tó ń gbé gbogbo orin lé orí ara rẹ̀. Nígbà tí aṣọ ẹbí bá pọ̀, ẹnì kan ló ń ṣe ojú bọ́tìnnì láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹnì kan ń rán ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan ń lọ aṣọ.

Fíìmù Yorùbá ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń mu gààrí ní apá kìíní, inú jíìpù lẹ máa bá a ní apá kejì. Iṣẹ́ tó wà láàárín, kámẹ́rà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gèlè wọn ni mo máa ń wò. Ìtàn àwọn olówó lórí rédíò náà, ẹ máa fi òye gbà á. Ọ̀kan ní aago mẹ́rin ìdájí ni òun máa ń jí ṣiṣẹ́. Mo dán an wò. Kò síná, mo fi tọ́ọ̀ṣì ránṣọ, ní ọjọ́ kẹfà abẹ́rẹ́ gba inú ìka mi kọjá. Mo fagi lé e, n kò dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ oní-páálí yẹn ti ní ìwé tirẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ìlà kan hàn mí: "Ìyá alákàrà Òkè Àró. Ẹyọ kan ló máa ń kọ́kọ́ jù sínú epo, ó máa ń tọ́ ọ wò kó tó da ìyókù sí i. Èmi: màá fi pínnì mú síìpù, màá pe Àǹtí wá wò ó kí n tó rán an. Túsìdeè."

Túsìdeè ti kọjá. Síìpù èkíní jókòó dáadáa, èkejì náà jókòó. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, wọ́n múná lọ. Ó ṣì wà lórí máṣíìnì bí mo ṣe ń kọ èyí, pínnì mẹ́fà ló fi mú un.