Má Tìtorí Gáwùn Ba Àárín Ìwọ àti Àna Rẹ Jẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Dídín Oúnjẹ Kù Kí Ìgbéyàwó Tó Dé

Pípẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọge sí wàhálà. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni ara tó dá ṣáṣá lè sọ nù láìfara pa. Nítorí náà, fi ọ̀sẹ̀ méjìlá sílẹ̀ fún kílò mẹ́fà. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó, oṣù Kẹsàn-án ni wàá bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí iṣu tuntun kún Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, tí odó ń dún káàkiri àdúgbò.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé iyán kalẹ̀ nílé àna, ìyàwó á ní, "Ẹ ṣeun mà, mi ò kì í jẹun alẹ́." Ẹni tó gún iyán náà ti làágùn. Wọ́n lè rò pé o kórìíra ọwọ́ ìyá ọkọ, pé ẹ̀rù májèlé ń bà ọ́, tàbí pé o ti lóyún tí o ń fi pamọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé etí àwọn ìyàwó ilé, ó di ariwo.

Jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ bíi méjì ṣáájú, kì í ṣe nídìí oúnjẹ. Tó o bá débẹ̀, wọ ilé ìdáná lọ bá wọn lọ́wọ́ sí i, kó o kúnlẹ̀, kó o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bu tèmi." Iyán tí wọ́n ń bù fún àlejò lè wọn 500 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bíi 580 kálórì kí ọbẹ̀ tó dé orí rẹ̀. Bu ìdá kan nínú mẹ́ta, kó o fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un. Òkèlè kékeré ni kó o máa bù, kí o má sì ṣíwọ́ ṣáájú àwọn àgbà. Tí wọ́n bá fẹ́ bù sí i, ní kí wọ́n bá ọ di í lọ sílé. Má purọ́ pé o ń gbààwẹ̀ o. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí ọ níbi tí o ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nílé yín náà, má ya ìkòkò tìrẹ sọ́tọ̀. Ó máa dun ìyá rẹ, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Epo ni kí ẹ jọ dín kù: ṣíbí ìjẹun kan, ìbáà ṣe òróró tàbí epo pupa, ní nǹkan bíi 120 kálórì. Ṣíbí mẹ́fà tó fún ẹ̀fọ́ rírò èèyàn mẹ́fà. Ẹ̀gúsí ní epo nínú tẹ́lẹ̀, mẹ́rin tó o.

Má febi pa ara rẹ láti àárọ̀ nítorí mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ìrọ̀lẹ́. Ebi yẹn ló ń jẹ́ kéèyàn jẹ àjẹjù. Jẹ ẹyin méjì kó o tó kúrò nílé, kó o sì bèèrè omi tí wọ́n bá gbé mineral wá. Ìgò 50cl lè ní ṣúgà tó 50 gíráàmù.

Tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá ńkọ́? Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Inú ló ń ṣí, omi ara ló sì ń gbé lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ìtọ̀ ṣúgà tàbí fòníkú-fọ̀la-dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà kó tó dín oúnjẹ kù rárá.

Sọ fún télọ̀ kó má gé gáwùn mọ́ ara tí o kò tíì ní. Kó fi ínṣì méjì pamọ́ sínú ojú rírán, kó sì tún ọ wọ̀n nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ náà, má dín nǹkan kan kù mọ́.