Méjì-méjì ni kí ẹ há orúkọ Látìn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ka ànátómì ní Ìlọrin níbí, ẹ má há orúkọ Látìn kankan sórí ní ẹyọ kan mọ́. Méjì-méjì ni: orúkọ fúnra rẹ̀, àti bó ṣe ń rí tó bá di ẹni tó ni nǹkan. Femur, femoris (eegun itan). Caput, capitis (orí). Brachium, brachii (apá). Inú èkejì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ fara pamọ́ sí. Ẹni tó mọ femur nìkan, biceps femoris, iṣan ẹ̀yìn itan, á jọ àlejò lójú ẹ̀. Os ló tiẹ̀ dájú jù: os, ossis ni egungun; os, oris ni ẹnu. Èkejì nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtò rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa rárá. Caput femoris, orí eegun itan: ohun ìní ṣíwájú, olóhun tẹ̀lé e, bí a ṣe ń sọ pé ilé ọba. Ẹ kà á bí Yorùbá. Ẹ kọ mẹ́wàá sórí páálí kékeré lóòjọ́. Láti Tankẹ́ dé inú ọgbà yunifásítì, ẹ ti kà á tán nínú mọ́tò (tí gosiló bá wà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì). Ohun tí méjì-méjì yìí kò lè ṣe fún yín ni pé kì í fi gbogbo ìgbà sọ orúkọ tó jẹ́ akọ, abo tàbí kò-ṣakọ-kò-ṣabo, ìyẹn ló sì ń yí ọ̀rọ̀ àpèjúwe padà. Inú ọkàn ni a ti ń rí foramen ovale (ihò; kò-ṣakọ-kò-ṣabo) àti fossa ovalis (kòtò; abo), ẹ wo bí ovale àti ovalis ṣe parí. Nítorí náà, ẹ fi bírò pupa kọ lẹ́tà kan sí igun páálí náà: a fún akọ, b fún abo, tàbí k fún kò-ṣakọ-kò-ṣabo.