Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ìtóbi Ẹ́ńjìnnì Búlọ́ọ̀kù Ńlá

Bí ọlọ́kọ̀ ojú omi kan bá gbé ẹ́ńjìnnì Chevrolet 454, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnnì búlọ́ọ̀kù ńlá, èyí tí MerCruiser, ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ń pè ní lítà 7.4, láti èbúté Ìpakodò wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkòròdú, tí ó sì ní kí ẹ gbẹ́ ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ sí i, ẹ ṣírò ìtóbi tí yóò ní lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn àpapọ̀ àyè tí àwọn písítìn ń rìn já nínú sílíńdà, kí ẹ tó ra písítìn kankan.

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò náà nílò: ìbú ihò sílíńdà, ìrìn písítìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti iye sílíńdà. Ìbú ihò 454 jẹ́ íǹṣì 4.25, ìrìn písítìn rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 4. Ìbú náà ni a óò kọ́kọ́ sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 4.25 lọ́nà 4.25 jẹ́ 18.0625. Ẹ fi 0.7854, ìyẹn páì tí a pín sí mẹ́rin, sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ lè rí fífẹ̀ ojú ihò, yóò di 14.186, ẹ fi ìrìn písítìn, tí í ṣe 4, sọ ìyẹn náà di púpọ̀, yóò di 56.745 fún sílíńdà kan. Nígbà tí sílíńdà bá pé mẹ́jọ, 453.96 kúbíìkì íǹṣì ni, ibẹ̀ ni orúkọ 454 sì ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní cc, ìyẹn kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà, yóò fi 16.387 sọ ọ́ di púpọ̀, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,440.

Níbi wíwọn ìbú ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wọ inú ìṣirò. Bí a bá fi íǹṣì 0.030 kún ìbú, 454 yóò di 460. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà kún ìrìn písítìn, 457 péré ni yóò dé. Nínú búlọ́ọ̀kù tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ fi èékánná họ ẹnu ihò, ẹ ó rí etí kékeré kan níbi tí ríìngì tó yí písítìn ká kò dé. Ìsàlẹ̀ etí yìí ni ihò ti máa ń jẹ jù. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní gígùn búlọ́ọ̀kù àti ní ìdábùú rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi ṣírò.

Ní ti ìrìn písítìn, ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì, irin tó ń yí tí písítìn fi ń lọ sókè sódò, ẹ wọn jíjìn orí písítìn sí ojú búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá wà lókè pátápátá àti nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìrìn rẹ̀. Àyè tó wà nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tó bo orí àwọn ihò, kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni gígùn kanẹtin rọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì, kò yí i padà.

Bí ẹ bá wá lo ìbú 4.28 pẹ̀lú kíráńkì tó ń fún písítìn ní ìrìn íǹṣì 4.25, ẹ́ńjìnnì náà yóò di 489. Mo fara mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ to kíráńkì àti kanẹtin rọ́ọ̀dù sínú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi ọwọ́ yí i po, kí ẹ rí i dájú pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń gbo ara búlọ́ọ̀kù.